Ọwọ́ Tó Wà Nílé Ìdáná Ìyá Kinasih

Inú ife tíì ni ìfẹ́ ti pàdé Kinasih.

Ọjọ́ ìdúpẹ́ ìkórè ni, lágbàlá ìjọ ńlá tó wà nílùú Wonosari. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tò bí ìjàlọ, wọ́n ń ti àwo láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn títí tó fi kan àlejò tó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Lẹ́bàá ìkòkò omi gbígbóná mẹ́ta, ẹnì kan dúró tó ń po tíì. Èéfín bò ó lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ ń là á já bí òṣùpá tó yọ lẹ́yìn kùrukùru, ọkàn Kinasih sì já bí ìgbà téèyàn gbẹ́sẹ̀ lé àtẹ̀gùn tí kò sí níbẹ̀. Ọmọbìnrin náà ní kó jọ̀ọ́ kó po ife kan fún ìyá òun, kó má fi ṣúgà sí i. Nígbà tí ìyá rẹ̀ tọ́ tíì náà wò, ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ṣúgà tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ débi pé ṣíbí lè dá dúró.

Kinasih gbé ife náà padà. Mas ló pe ọkùnrin náà, bó ti yẹ kí ọmọbìnrin pe ẹni tó bá fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ.

"Mas, mo sọ fún yín pé wọn kì í mu ṣúgà."

"Mo gbọ́."

"Kí ló wá dé?"

"Ká ní mo po ó bí o ṣe fẹ́, ṣé wàá padà wá?"

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Prasaja ni orúkọ rẹ̀, káfíńtà ni ní Semin, igi tíìkì ló máa ń fi ṣe àga. Láàárín ọdún kan ààbọ̀, ó gbẹ́ àpótí ìjókòó mẹ́rin wá fún ìyá Kinasih láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ìyá náà gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láìsọ ohunkóhun, ó sì yé tọmọdé tàgbà pé ó ti gbà fún un.

Ohun tó kù ni ìyá Prasaja. Òun àti àgbà méjì wá mọ ilé, ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àpótí tí ọmọ rẹ̀ gbẹ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó jẹ gbágùúdá díndín, ó sì lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Kinasih bá Prasaja lẹ́bàá táńkì oníṣìmẹ́ńtì tí ọkọ̀ elómi máa ń já omi sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

"Kí ni Màmá sọ?"

"Wọ́n ní gbágùúdá yín dùn."

"Mas."

"Wọ́n ní ilé yín mọ́ tónítóní, pé èèyàn lè jẹun nílẹ̀ẹ́lẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣeré. Inú abúlé ni wọ́n bí èmi náà sí. Tí àgbà bá ń yin ilẹ̀, ó ti rí nǹkan lára ògiri."

Prasaja ti ọwọ́ bọ omi, ó jẹ́ kó máa sun gba ìka rẹ̀. "Wọ́n ní láti àárọ̀ dọ̀sán làwọn fi jókòó, aládùúgbò kan ò yọjú wọlé. Wọ́n ní ilé tí kò ní aládùúgbò, ilé tí kò lẹ́yìn ni. Lọ́dọ̀ tiwa, látìgbà bàbá tó bí bàbá mi la ti di Kristẹni, síbẹ̀ ìyàwó Lèmọ́mù Semin ló máa ń se ìrẹsì gbogbo ayẹyẹ wa. Tí kò bá sí obìnrin tó máa wá ṣe ọ̀wẹ̀ nílé ìdáná yín, wọ́n ní ká gba gbọ̀ngàn ní Wonosari, káwọn alásè wá sè é. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń padà bọ̀ wá gbọ́ bó ṣe jẹ́."

"Ìyá mi ò ní tẹ̀lé wa lọ sí gbọ̀ngàn kankan."

"Mo mọ̀."

"Èmi náà ò sì ní ṣègbéyàwó níbi tí wọn ò bá sí."

"Mo mọ ìyẹn náà, Dik." Bó ṣe pè é ní àbúrò yẹn rọ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Tó bá ṣe tèmi ni, abẹ́ igi tíìkì yìí ti tó. Mo máa gbéyàwó, mo máa po tíì, mo máa fọ àwo. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó kì í ṣe tẹni méjì."

Òótọ́ ló sọ. Ní Watugeni, abúlé Kinasih, kò sẹ́ni tó ń fi owó wá alásè. Tó bá ti ku ọjọ́ mẹ́ta kí ayẹyẹ pé, àwọn obìnrin á máa gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, kálukú pẹ̀lú ọ̀bẹ rẹ̀ àti abọ́ rẹ̀. Ilé ìdáná tó bá kún ló ń jẹ́rìí fúnni pé àárín èèyàn lèèyàn ń gbé. Ó ti pé ọdún márùn-ún gbáko tẹ́nikẹ́ni ò ti gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọ ilé Ìyá Kinasih, òun náà ò sì wọ tẹnikẹ́ni. Ọdún márùn-ún náà ló pé tó ti ṣèrìbọmi.

Kì í ṣe ìwàásù ló mú un ṣèrìbọmi. Omi ni. Lọ́dún tí ẹ̀dọ̀fóró ọkọ rẹ̀ bà jẹ́, táńkì gbẹ, ọkọ̀ elómi ò sì gun òkè wá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Pásítọ̀ Widagdo, ọkùnrin kúkúrú kan tó ń wọ aṣọ àdìrẹ batik tó ti ṣá, gun alùpùpù láti Wonosari, ó so kẹ́ẹ̀gì omi méjì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń wá. Oṣù méjì kọjá kó tó dárúkọ Jésù nínú ilé yẹn, ọ̀gbẹ́ni aláìsàn fúnra rẹ̀ ló sì bi í pé, "Pásítọ̀, ta ló ń rán yín wá gan-an?" Nígbà tó máa kú, ó kú bí ẹni tó ń ti oko lọ sílé. Ìyàwó àti ọmọ tẹ̀ lé ìgbàgbọ́ tó gbà kó tó kú. Láti ọjọ́ yẹn, èèyàn méje ló ń pé jọ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ ní yàrá iwájú, wọ́n ń kọ orin ìyìn lóhùn àtijọ́ tí àwọn ìyá ìyá wọn fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Ìyá Kinasih kì í yéé dúpẹ́. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń fi ẹnu kan dúpẹ́, òun nìkan náà ló ń bó àlùbọ́sà.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, lẹ́yìn tí orin parí tí àwọn tó kù ti lọ, Kinasih gbé àwo ìrẹsì síwájú Pásítọ̀, ó kúnlẹ̀ tì í.

"Pásítọ̀, mo fẹ́ béèrè nǹkan. Ọ̀la ni Ìyá Sugeng tó wà lẹ́yìn ògiri yìí ń bẹ̀rẹ̀ sí í dáná sàráà ẹgbẹ̀rún ọjọ́ tí bàbá wọn ti kú. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni tí mo bá lọ bá wọn bó àlùbọ́sà?"

Pásítọ̀ ti fẹ́ fi ìrẹsì sẹ́nu. Ó dá ọwọ́ dúró. "Ta ló ní ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Màmá mi ní ẹ̀yin ni."

"Èmi?"

Ìyá Kinasih wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣe bí ẹni tó ń gbálẹ̀ ibi tó ti gbá tẹ́lẹ̀. "Ẹ sọ ọ́ o, Pásítọ̀," ó fi ohùn wẹ́ẹ́rẹ́ sọ ọ́, kó má baà dà bíi pé ó ń já àgbà nírọ́. "Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo ṣèrìbọmi. Ẹ ní ká má bá wọn lọ́wọ́ sí sàráà òkú mọ́."

Ọkùnrin náà gbé àwo sílẹ̀. Ó gbọn ìrẹsì kúrò ní ìka rẹ̀.

"Mo ní kí ẹ má gbàdúrà sí òkú," ó sọ. "Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn. Mo jẹ́ kó kúrú lẹ́nu mi torí òjò ń ṣú, mo fẹ́ gun alùpùpù mi sọ̀ kalẹ̀. Mo kọ́ yín ní ibi tí ẹ ò ní lọ, mi ò ráyè kọ́ yín ní ibi tí ẹ máa lọ. Jésù Olúwa, ọdún márùn-ún." Ó pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ síwájú àyà, ó tẹrí ba fún opó náà. "Ìyá Kinasih, ẹ dárí jì mí."

Kí àgbà ọkùnrin, tó tún jẹ́ Pásítọ̀, máa tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ obìnrin tó mú ìgbálẹ̀ dání. Ojú ti Ìyá Kinasih débi pé ó sá lọ gbé omi kaná, omi tẹ́nikẹ́ni ò fẹ́ mu.

Pásítọ̀ yíjú sí Kinasih. "Ọmọ mi, ìhìn rere tó bá wọlé gba iwájú, tó wá lọ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa, ààbọ̀ rẹ̀ ló tíì wọlé. Nígbà tí àwọn ọkùnrin bá jókòó fún àdúrà òkú, ìwọ máa bá ìkòkò ẹ lọ. Kò sẹ́ni tó máa fi dandan mú ẹ. Ṣùgbọ́n àlùbọ́sà kì í ṣe ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni."

Nígbà tó lọ tán, Kinasih sọ fún ìyá rẹ̀ pé káwọn jọ lọ lọ́la. Ìyá náà mi orí. "Wọn ò pè mí. Ibi tí wọn ò bá ti peni, téèyàn bá lọ, á di dandan kí wọ́n fi ẹnu ara wọn lé ni jáde. Mi ò fẹ́ kó ìyà yẹn bá Ìyá Sugeng. Èèyàn dáadáa ni."

"Ẹ̀yin méjèèjì mà jọ ń gbin gbágùúdá nígbà kan rí."

"Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ dààmú rẹ̀."

Ìgbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́, Kinasih lọ lóun nìkan. Ó ró ìró batik àtijọ́, ó mú abọ́ kékeré kan àti ọ̀bẹ, ó gba ẹ̀yìn ògiri. Ó ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ìta, ó ń gbóòórùn ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n yí lórí iná. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ wọlé, gbogbo ọ̀bẹ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá mi."

"Ah, Kinasih," Ìyá Marsudi dáhùn, ẹ̀rín rẹ̀ dùn jù. "Wọlé, ọmọ dáadáa. Má jókòó síbí, èéfín máa wọ̀ ẹ́ lójú."

Kó tó mọ̀, wọ́n ti mú un gba àárín ilé lọ sí yàrá iwájú. Wọ́n tẹ́ ẹní tuntun fún un. Wọ́n gbé ìrẹsì aládùn lé abọ́, wọ́n gbé tíì wá nínú ife onídérí, wọ́n ní kó máa gbádùn, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ife onídérí. Ife àlejò nìyẹn. Obìnrin tó bá wá ṣe ọ̀wẹ̀, inú ike ló ti ń mu omi, ìdúró ló sì ń mu ún. Ká ní wọ́n lé e ni, ì bá dùn ún níwọ̀n. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún un ni, ọ̀wọ̀ náà sì gún un bí ẹ̀gún ẹja. Ẹ̀rín tún ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Kinasih jókòó pẹ̀lú ọ̀bẹ lórí itan bí ọmọge inú àwòrán, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó rí ojú Prasaja lọ́kàn rẹ̀, ó rí gbọ̀ngàn tó kún fún àga ike, ó rí ìyá rẹ̀ nílé níbi tó ti ń bó àlùbọ́sà fún ẹnì kan ṣoṣo. Olúwa, ó sọ nínú ara rẹ̀, ìwọ tó o wẹ ẹsẹ̀ èèyàn, ṣé wọ́n kọ́kọ́ fún ìwọ náà ní àga ni?

Ó dìde. Ó gbé ife náà, ó gbé abọ́ náà, ó ká ẹní, ó sì kó gbogbo rẹ̀ gba abẹ́ aṣọ ìkélé padà sílé ìdáná. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi òkìtì àlùbọ́sà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o.

"Fi sílẹ̀ o, ọmọ dáadáa," Ìyá Marsudi sọ. "Ọwọ́ ẹ á máa rùn."

"Kò burú, Ìyá."

Ó tó wákàtí kan tí wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Lẹ́yìn náà ni Ìyá àgbà Karto, tí kò gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́, gbé orí sókè nínú àgbọn tó ń rin.

"Ta nìyí?"

"Ọmọ Warsini ni," wọ́n pariwo sí i létí.

"Warsini tó kó lọ Semarang?"

"Kò lọ ibì kankan. Ẹ̀yìn ògiri yìí ló wà."

"Háà. Èmi tí mo rò pé ó ti kú sọ́hùn-ún, tí mo ti ń sọ pé kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un."

Ìyàwó Lèmọ́mù Watugeni ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó gbìyànjú láti gbé e mì, ó fi ìborí bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà tú gba imú. Kinasih náà bú sẹ́rìn-ín. Ilé ìdáná bá gbà á, àfi Ìyá àgbà Karto tó ń bi ẹni tó jókòó tì í pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Àárín ẹ̀rín yẹn ni Ìyá Sugeng jáde láti yàrá ìrẹsì. Òun ni olórí ibẹ̀, obìnrin gíga tó lọ́rùn gígùn, kọ́kọ́rọ́ àpótí ìrẹsì ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo òkìtì àlùbọ́sà gígé. Ó mú ẹyọ kan.

"Ta ló gé èyí?"

Kinasih ní, "Èmi ni, Ìyá."

"Ṣé ẹṣin lo fẹ́ fún jẹ ni? Wò ó bó ṣe nípọn, bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Ṣé ìyá ẹ ò kọ́ ẹ ni?"

Kinasih rọra gbé ojú sókè. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti bá a sọ látàárọ̀, èyí nìkan ni kò ní ṣúgà. Ayọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ru nínú rẹ̀ bí wàrà lórí iná. "Wọ́n kọ́ mi, Ìyá. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kọ́ àwọn."

Ìyá Marsudi fi igbá bo ojú. Ìyá Sugeng sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ tì í, ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìyẹ́ eṣinṣin.

"Ta ló rán ẹ wá?" Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í, ojú rẹ̀ wà lára ọ̀bẹ.

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Òun ńkọ́? Kí ló dé tí kò wá?"

"Wọ́n ní ẹ ò pe àwọn."

Ọ̀bẹ dúró. "Mi ò pè é torí tí ẹ̀sìn tuntun tó gbà bá ní kó má wá, á di dandan kó fi ẹnu ara rẹ̀ kọ̀ fún mi. Ṣé o mọ bó ṣe máa nira fún Warsini láti kọ nǹkan fúnni? Kò ní sùn. Mo ní kí n má fi í sínú wàhálà yẹn. Nígbà tí bàbá mi kú, mo ní kí wọ́n má lu ilẹ̀kùn ẹ̀ rárá. Mo wà nílé, mo ń retí pé tó bá wù ú, á wá."

"Àwọn náà ní àwọn ò fẹ́ kẹ́ ẹ ní láti fi ẹnu lé àwọn jáde. Wọ́n ń retí kẹ́ ẹ pè."

Gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ ló gbọ́, gbogbo wọn ló sì ń wo ọwọ́ ara wọn, torí pé kò sí èyí tí kò ṣe irú rẹ̀ rí fún ẹlòmíràn. Ọdún márùn-ún, ògiri kan, àwọn obìnrin méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dáàbò bo èkejì kúrò lọ́wọ́ ara rẹ̀.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà," ìyàwó Lèmọ́mù sọ. "Ògiri ò lójú."

Ìyá Sugeng dìde, ó fi ìró nu ọwọ́, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Kinasih sáré tẹ̀ lé e. Ìyá Sugeng ò kan ilẹ̀kùn. Ó tì í ṣí, ó sì wọlé.

Ìyá Kinasih wà nílé ìdáná. Ó ti wẹ̀, ó ti ró ìró iṣẹ́, ó ti di orí, abọ́ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Ó jókòó ti ògiri tó pààlà ilé méjèèjì, ibi téèyàn ti lè gbọ́ ẹ̀rín tó wà lódì kejì. Ó jọ pé látìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́ ló ti wà níbẹ̀.

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"O ti rù," Ìyá Sugeng sọ.

"Irun ẹ ti funfun."

"Ìrẹsì ti ń hó lóríná, Warsini, ìwọ jókòó síbí bí ìyàwó tuntun. Ta lo fẹ́ kó ro ó fún ẹ?"

"Mò ń bọ̀."

Ohun tí wọ́n sọ nípa ọdún márùn-ún náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kinasih, tó ti ka oríṣiríṣi ìtàn olólùfẹ́ tó tún ara wọn rí lábẹ́ òjò, tí wọ́n dì mọ́ra tí wọ́n sì sunkún, dúró lẹ́nu ọ̀nà ó ń wo obìnrin méjì tó ń jiyàn lórí omi ìrẹsì lọ sẹ́yìn ilé. Ó mọ̀ pé kò sí èyí tó tó eléyìí nínú gbogbo ohun tó ti kà.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí àwọn ọkùnrin jókòó fún àdúrà lójúde, Ìyá Kinasih kó ìkòkò lọ sẹ́yìn ó ń fọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Ìyàwó Lèmọ́mù bá a pọn omi wá, ó ní kó fọ ìdí ìkòkò dáadáa, pé Kristẹni tàbí Mùsùlùmí, èéfín ò mọ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n délé, Ìyá Kinasih ò lè dárúkọ ìgbéyàwó fún ẹnikẹ́ni. "Èèyàn kì í ṣiṣẹ́ ọjọ́ méjì kó wá máa bèèrè ẹ̀san," ó sọ. "Wọ́n á ní ìdí tí mo fi wá nìyẹn. Ẹ̀rín wọn ti tó mi." Kinasih bẹ̀ ẹ́ títí, ó bẹ̀ ẹ́ tì. Báyìí ni ọjọ́ Àìkú ṣe bá wọn.

Ìyá Prasaja dé lẹ́yìn ìsìn, òun àti ọmọ rẹ̀. Ó jókòó, ó yin ojú ọ̀nà, ó yin ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́gi. Prasaja wo Kinasih láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ojú rẹ̀ ń béèrè. Kinasih mi orí díẹ̀. Ó rí bí ejìká rẹ̀ ṣe rọ̀ wálẹ̀, ó sì mọ̀ nígbà yẹn bí òun ṣe nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó, nítorí pé ejìká yẹn dùn ún ju tara rẹ̀ lọ.

"Oòrùn lọ́dún yìí mú gan-an," ìyá Prasaja sọ. "Mo ń rò ó lọ́nà pé iṣẹ́ ìdáná á wọ ẹni méjì lọ́rùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ẹ jẹ́ ká wo gbọ̀ngàn yẹn. Kì í ṣe ẹ̀gàn o, Ìyá Kinasih. Àánú yín ló ń ṣe mí."

Ìyá Kinasih tẹ orí ba. Gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀, kò tíì bèèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì tíì kọ nǹkan fún ẹnikẹ́ni. "Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló wù yín," ó ń bẹ̀rẹ̀.

"Rárá," Kinasih sọ.

Ọ̀rọ̀ náà jáde bí ìgbà tí àwo bá bọ́. Ọmọbìnrin kì í sọ ọ́ níwájú ìyá ọkọ. Ó ti sọ ọ́ tán, kò lè kó o padà. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má bínú sí mi. Ìyá mi fẹ́ kó jẹ́ níbí. Wọn ò kàn lè bẹ èèyàn ni. Ẹ dúró dè mí díẹ̀, èmi máa lọ bẹ àwọn aládùúgbò."

Ó sáré gba ẹ̀yìn jáde láìwọ bàtà. Ó bá Ìyá Sugeng níbi tó ti ń dín ọ̀gẹ̀dẹ̀, Ìyá Marsudi àti ìyàwó Lèmọ́mù jókòó tì í, wọ́n ń sinmi ẹsẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ àná. Ó kúnlẹ̀ sórí erùpẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, gbọ̀ngàn, ọ̀wẹ̀, ìyá tí kò lè lanu. Kò fi nǹkan kan pamọ́. "Mo mọ̀ pé ó yá jù láti bèèrè," ó sọ, "ṣùgbọ́n tí mi ò bá bèèrè, a tún máa retí ara wa ọdún márùn-ún mìíràn."

Ìyá Sugeng yọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò nínú epo. "Ìyàwó wo ló ń sáré káàkiri láìwọ bàtà báyìí? Dìde. Ìyá Marsudi, mú àwo."

Bí wọ́n ṣe gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé nìyẹn, àwọn mẹ́ta, Kinasih ìkẹrin wọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín ń gbóná lórí àwo. Ìyá Sugeng fi orúnkún rìn wọ yàrá iwájú, bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àlejò pàtàkì, ó gbé àwo kalẹ̀ síwájú àlejò, ó tẹrí ba.

"Ẹ má bínú, Ìyá, àwa aládùúgbò pẹ́ kí a tó yọjú. A pẹ́ gan-an. Mo fẹ́ mọ ọjọ́ tí ẹ mú, kí n lè tètè sá ìrẹsì. Èmi ni mo máa sè é. Ẹ bá wa sọ fún Pásítọ̀ yín kó má wàásù gùn, torí ìrẹsì kì í dúró de ìwàásù."

"Ọkọ mi ló máa pa adìyẹ," ìyàwó Lèmọ́mù sọ, "kí gbogbo wa lè jẹ ẹ́."

"Ó ti wà lọ́kàn mi láti bẹ̀ wọ́n," Ìyá Kinasih sọ wẹ́ẹ́rẹ́.

"Ọkàn ẹ, Warsini. Gbogbo nǹkan ló wà nínú ọkàn ẹ."

Ìyá Prasaja wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo ẹsẹ̀ Kinasih tó dọ̀tí. Lẹ́yìn náà ó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. "Mo ti gbàgbé orúkọ gbọ̀ngàn yẹn," ó sọ. Prasaja wolẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò lè fi ayọ̀ pamọ́ rárá, Kinasih sì rò pé bí ayé bá parí lọ́sàn-án yẹn, òun ti jẹun yó.

"Ẹ jẹ́ ká fọpẹ́ fún Ọlọ́run ká tó jẹ ẹ́," ìyá Prasaja sọ. Àwọn aládùúgbò dìde pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n fẹ́ yẹra fún wọn. Ṣùgbọ́n Ìyá Kinasih na ọwọ́, ó di ọrùn ọwọ́ Ìyá Sugeng mú.

"Jókòó," ó sọ.

Ó jókòó. Àwọn tó kù náà jókòó. Ìyá Kinasih, tí kò tíì gbàdúrà jáde sétígbọ̀ọ́ ẹnikẹ́ni rí, pa ojú dé. Ó dúpẹ́ fún ọkọ rẹ̀ tó sùn láìbẹ̀rù. Ó dúpẹ́ fún Prasaja àti ìyá tó bí i. Ó dúpẹ́ fún ọmọ òun tí ẹnu rẹ̀ mú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ: Ìyá Marsudi, ìyàwó Lèmọ́mù, Ìyá àgbà Karto tó ti gbàdúrà fún òun nígbà tó rò pé òun ti kú. Kì í yára. Ó ń gbé orúkọ kọ̀ọ̀kan síwájú Ọlọ́run bí ẹni ń to ẹyin.

Ìyá Sugeng la ojú kan. "Warsini, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń tutù."

"Orúkọ tìẹ ló kù."

Ìyá Sugeng pa ojú náà dé padà. Ìyá Kinasih dárúkọ rẹ̀. Àwọn kan ní Àmín, àwọn kan ní Àmí, wọ́n sì nawọ́ sí àwo.